Orúkọ àti Àfojúbà: Àkọsílẹ̀ Àwọn Onímọ̀ Ìgbàanì lórí Mánátì àti Màlúù Inú Òkun

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí èdè ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ojú bá rí ohun tí ẹnu kò tíì ní orúkọ fún, bóyá ni ẹranko kan wà tí ó yẹ fún àyẹ̀wò bí mánátì. Ẹranko afọ́mọlọ́mú ni, ṣùgbọ́n inú omi ni ó ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Koríko ni ó ń jẹ. Ó ní ọwọ́ méjì tí ó rí bí lẹbẹ ẹja, kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rárá, ìrù rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Ẹni tí ó bá rí ẹnu rẹ̀ yóò ní màlúù ni. Ẹni tí ó bá rí ìrù rẹ̀ yóò ní ẹja ni. Ẹni tí ó bá sì rí ìyá rẹ̀ tí ó ń fún ọmọ lọ́mú lè ní ènìyàn ni. Àwọn Hausa tí wọ́n ń gbé lẹ́bàá odò Ọya àti odò Benue ti ní orúkọ fún un tipẹ́, ayu ni wọ́n ń pè é. Àwọn Òyìnbó ni kò ní orúkọ fún un, nítorí pé kò sí irú rẹ̀ nínú odò tàbí òkun tí ó yí Yúróòpù ká. Láti ọdún 1493 títí di ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n pè é ní obìnrin inú omi, wọ́n pè é ní ẹja, ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù, wọ́n sì tún tò ó mọ́ erin. Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe eré. Ohun tí wọ́n bá pe ẹranko náà ni ó ń sọ bóyá ó ṣeé jẹ ní ọjọ́ ààwẹ̀, ni ó ń sọ ọba tàbí ẹrú tí ẹran rẹ̀ tọ́ sí, àti pé, ní ọ̀nà kan tí àpilẹ̀kọ yìí yóò dé bá nígbẹ̀yìn, ó wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ayé tètè mọ̀ pé ẹ̀yà kan nínú ìdílé rẹ̀ ń run lọ.

Columbus àti Etíkun Ataare

Ìwé ìrìn-àjò tí Christopher Columbus fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti sọnù. Ohun tí ó kù ni àkékúrú rẹ̀ tí àlùfáà Bartolomé de las Casas ṣe àdàkọ rẹ̀. Nínú àkékúrú yìí, lábẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1493, ó wà níbẹ̀ pé Columbus rí obìnrin inú omi mẹ́ta tí wọ́n yọrí sókè gan-an láti inú òkun ní etí erékùṣù Hispaniola, ibi tí orílẹ̀-èdè Haiti àti Dominican Republic wà lónìí. Ó ní wọn kò lẹ́wà bí àwọn ayàwòrán ṣe máa ń yà wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn fara jọ ti ènìyàn díẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé mánátì ni ohun tí ó rí.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti sọ ìtàn yìí ni ó fi rẹ́rìn-ín Columbus. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ìtàn àròsọ àwọn Gíríìkì ni ó gbé lọ́wọ́ nígbà tí ó ń wo omi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bá ìtàn náà jiyàn, ó sì kọ iyàn náà sílẹ̀. Ohun kan tún wà tí àwọn asọ̀tàn máa ń fò. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹwà yìí, Columbus fi kún un pé òun ti rí irú wọn rí ní Guinea, ní etíkun Manegueta. Manegueta yìí ni èso tí Yorùbá ń pè ní ataare. Etíkun tí àwọn Potogí fi sọ lórúkọ wà ní agbègbè Liberia òde òní. Ìyẹn ni pé nígbà tí ọkùnrin yìí dé ibi tí wọ́n ń pè ní ayé tuntun, omi Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó rántí. Mánátì ilẹ̀ Áfíríkà ni ó fi mọ ti Amẹ́ríkà, kì í ṣe òdìkejì rẹ̀. Síbẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni ó gba ojú ìwé fún igba ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ọwọ́ ni, tàbí Ọmú?

Gonzalo Fernández de Oviedo kì í ṣe ẹni tí ó kàn kọjá lọ. Ó dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1514, ó gbé ibẹ̀ pẹ́, ó sì di olùtọ́jú odi ìlú Santo Domingo. Ìwé rẹ̀ kékeré jáde ní ọdún 1526, apá àkọ́kọ́ ìwé ńlá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1535. Nínú méjèèjì ni ó ti sọ̀rọ̀ nípa mánátì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ní ìwúwo ẹni tí ó ti fọwọ́ kàn án. Ó sọ pé orí rẹ̀ dà bí ti akọ màlúù, ojú rẹ̀ kéré, awọ rẹ̀ nípọn, ó ní kùkùté méjì ní ipò apá, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń pa á: wọ́n á ta á ní ọfà tí wọ́n so okùn gígùn mọ́, wọ́n á jẹ́ kí ó máa gbé okùn náà lọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi tán lára rẹ̀, wọ́n á wá fà á wá sí èbúté. Ó ní òmíràn tóbi débi pé kẹ̀kẹ́ tí màlúù méjì ń fà ni wọ́n fi ń gbé e wọ ìlú. Kò gbàgbé oògùn pẹ̀lú. Egungun kan tí ó le bí òkúta wà ní apá etí ẹranko náà. Wọ́n ń sun ún, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi wáìnì mu ún ní àárọ̀ fún àrùn òkúta inú kíndìnrín. Ohun tí ó bá jọ òkúta ni wọ́n fi ń lé òkúta. Ìrònú yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń fi orúkọ àti ìrísí ewé bá àrùn wí.

Ṣùgbọ́n ẹja ni Oviedo pè é, láìka ọmú tí òun fúnra rẹ̀ rí sí. Ní ti orúkọ rẹ̀, ó ní nítorí ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n ṣe ń pè é ní manatí, nítorí pé mano ni ọwọ́ lédè Spéènì. Ibi tí onímọ̀ èdè ti gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ nìyí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ erékùṣù wọ̀nyẹn ti ń pe ẹranko náà ní orúkọ yìí kí ọkọ̀ Spéènì kankan tó dé, wọn kò sì yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó gbà pé inú èdè Carib ni ó ti wá, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti tọ́ka sí ọmú obìnrin. Onílẹ̀ rí ọmú, ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Àlejò gbọ́ orúkọ náà, ó rí ọwọ́ nínú rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ ni etí rẹ̀ mọ̀. Bí ìtumọ̀ ti onílẹ̀ bá ti wọ inú ìwé ni, bóyá ọ̀rọ̀ ẹja kì bá tí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, nítorí kò sí ẹja tí ó ń fọ́mọ lọ́mú. Àwọn Faransé tún ṣe tiwọn. Lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ náà di lamantin, ó sì bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìdárò pàdé. Láti ibẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹranko náà a máa sunkún. Etí ni ó bí ẹkún yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹja yìí ní èrè tirẹ̀ fún àwọn tí ń jẹ ẹ́. Ìjọ Àgùdà kò fàyè gba ẹran ní ọjọ́ Ẹtì àti ní àkókò ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja kò léèwọ̀. José de Acosta, àlùfáà Jésúìtì tí ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà jáde ní ọdún 1590, jẹ mánátì ní Santo Domingo ní ọjọ́ Ẹtì kan. Ó jẹ́wọ́ pé ọkàn òun fẹ́ẹ̀ máa dá òun lẹ́bi, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ àti adùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọmọ màlúù. Ó jẹ ẹ́ ná. Nínú gbogbo àwọn tí ó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Acosta yìí nìkan ni ahọ́n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àṣírí tí ojú àwọn yòókù fi pamọ́.

Ẹlẹ́dẹ̀ Ọba Kongo

Òǹkọ̀wé kan wà tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà rí, tí ìtàn rẹ̀ sì tàn kálẹ̀ ju ti Oviedo lọ. Pietro Martire d'Anghiera, ará Ítálì tí ó ń gbé láàfin ọba Spéènì, gbọ́ lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò pé ìjòyè kan ní Hispaniola sin mánátì kan sínú adágún fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Pé ó máa ń wá bí wọ́n bá pè é, ó sì máa ń gbé ènìyàn kọjá omi lẹ́yìn rẹ̀. Pé nígbà tí Òyìnbó kan ju ọ̀kọ̀ lù ú, kò tún sún mọ́ ẹni tí ó bá wọ aṣọ mọ́. Àti pé ìkún omi ni ó gbé e padà sínú òkun. Ó dùn-ún gbọ́, àwọn mìíràn sì dà á kọ láti ìwé dé ìwé, ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ti Kongo ni ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó bá ń wá ohùn àwọn tí wọ́n mọ ẹranko náà nílé. Duarte Lopes, oníṣòwò Potogí kan, dé ilẹ̀ Kongo ní ọdún 1578. Filippo Pigafetta kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ìwé náà sì jáde ní Róòmù ní ọdún 1591. Ó sọ nípa ẹ̀dá kan nínú odò ńlá náà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ambize angulo, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹlẹ́dẹ̀ inú omi, nítorí ọ̀rá rẹ̀. Ó ní ọwọ́ méjì, ìrù rẹ̀ dà bí asà, ẹnu rẹ̀ dà bí ti màlúù. Kì í kúrò nínú omi, koríko etí odò ni ó ń jẹ, kì í sì í wọ inú omi iyọ̀. Ẹni tí ó bá pa á gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún ọba. Ikú ni ìjìyà ẹni tí ó bá fi í pamọ́.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, ibùgbé rẹ̀ wà níbẹ̀, òfin rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn ará Kongo fi ẹran ilé sọ ẹran omi lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe mú erin tí wọ́n fi sọ erinmi lórúkọ. Ọgbọ́n kan náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ òde òní fi ẹ̀fẹ̀ kékeré kan sí i: erinmi kò bá erin tan rárá, àbùùbùtán ni ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù. Ìbátan erin tí ó ń gbé inú omi ni mánátì.

Àwọn Apẹja Miskito

William Dampier kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ajalèlókun ni, ṣùgbọ́n a máa kọ nǹkan sílẹ̀ lójoojúmọ́, ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1697 sì dára lórí mánátì ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ. Ìdí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ó wo àwọn Miskito ti etíkun Nicaragua níbi iṣẹ́, ó sì sọ pé ọwọ́ wọn ni ìmọ̀ náà wà. Ó ní gbogbo ọkọ̀ ajalèlókun ni ó ń fẹ́ ní ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn, nítorí pé wọ́n lè fi ẹran mánátì àti ti alábahun òkun bọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Méjì ni wọ́n ń jókòó nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Àjẹ̀ kò gbọdọ̀ dún nínú omi, nítorí pé etí ẹranko náà mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò kékeré méjì lásán ni etí ọ̀hún. Ẹni tí ó wà níwájú á ju ọ̀kọ̀ oníwọ̀ tí okùn àti igi tí ó léfòó wà lára rẹ̀. Wọ́n á wá máa lépa igi náà.

Dampier wọn ẹranko náà: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá ní gígùn, ojú rẹ̀ kò ju ẹ̀wà kékeré lọ. Ó kọ̀wé nípa koríko tí ó ń jẹ àti omi tí ó fẹ́ràn. Kò sí obìnrin inú omi nínú ìwé rẹ̀, kò sì sí ẹkún. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò dárúkọ ọ̀kankan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní orí ìwé yìí; "àwọn Miskito" ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn atòwé ẹ̀dá, ó gba ọ̀nà mìíràn. Peter Artedi, ará Sweden, tò ó mọ́ àbùùbùtán láàárín àwọn ẹja nínú ìwé tí ó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1738. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Carl Linnaeus gbé e kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1758, ó sọ ọ́ ní Trichechus manatus, ó sì fi í sí agbo kan náà pẹ̀lú erin. Ìmọ̀ òde òní ti fi hàn pé òótọ́ ni wọ́n tan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Linnaeus rí nìyẹn. Eyín ni ó ń wò, ó sì kó ẹranko tí ń jẹ èèrà mọ́ agbo yẹn pẹ̀lú. Ní Faransé, Buffon sọ ní ọdún 1765 pé ààlà ilẹ̀ àti omi ni mánátì dúró sí. Fún ti Áfíríkà, Michel Adanson, tí ó gbé Senegal láti ọdún 1749 sí 1753, ni ó fi ọkàn tán. Ọdún 1795 ni Link tó fún mánátì Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní orúkọ tirẹ̀, Trichechus senegalensis, ọdún 302 lẹ́yìn tí Columbus ti sọ pé òun rí i ní etíkun ataare. Nígbà tí Illiger sì ń wá orúkọ fún gbogbo ìdílé náà ní ọdún 1811, Sirenia ni ó mú, láti inú orúkọ àwọn obìnrin inú omi tí àwọn Gíríìkì ń sọ ìtàn wọn. Àròsọ tí Columbus bá jiyàn gba ẹnu ọ̀nà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wọlé padà.

Steller ní Erékùṣù Bering

Ẹni kan ṣoṣo ni ó kọ̀wé lórí èyí tí ó tóbi jù nínú ìdílé yìí lẹ́yìn tí ó ti bá a gbé. Georg Wilhelm Steller, ará Jámánì tí wọ́n bí ní ọdún 1709, bá Vitus Bering wọ ọkọ̀ St. Peter láti Kamchatka ní oṣù Òkúdu ọdún 1741, lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà. Wọ́n rí ilẹ̀ Alaska, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́wàá péré ni wọ́n fún Steller láti fi wo ilẹ̀ tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá múra láti dé. Ó bínú sí i gidigidi nínú ìwé rẹ̀. Nígbà ìpadàbọ̀, ọkọ̀ náà fọ́ sí etí erékùṣù kan tí ènìyàn kò gbé, ní oṣù Bélú. Àrùn tí àìjẹ ewé àti èso tútù ń fà ti ń pa wọ́n. Bering kú níbẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ, erékùṣù náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Nínú nǹkan bí 77 tí ó gbéra, 46 ni ó yè.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gúnlẹ̀ ni Steller ti ń rí àwọn ẹranko ńlá tí wọ́n ń jẹ ewé òkun létí omi, tí ẹ̀yìn wọn ń yọ sókè bí ọkọ̀ tí ó dojú dé. Fún oṣù méje ni wọn kò rí i pa. Ní oṣù Òkúdu ọdún 1742, wọ́n rọ ìwọ̀ irin kan, wọ́n so okùn mọ́ ọn. Àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ kékeré ni yóò gún un, ọgbọ̀n ènìyàn yóò sì máa fà á láti orí ilẹ̀. Ẹran rẹ̀ dà bí ti màlúù, ọ̀rá rẹ̀ sì dùn bí òróró álímọ́ńdì. Àwọn aláìsàn dìde.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Agẹmọ, Steller wọn abo kan láti orí dé ìrù. Ó gùn tó mítà méje ààbọ̀. Kò ní eyín. Pákó líle méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, ni ó fi ń lọ oúnjẹ. Awọ rẹ̀ dúdú, ó sì hunjọ bí èèpo igi àtijọ́. Kò sí egungun ìka ní ọwọ́ rẹ̀. Òjò àti òtútù ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí, tábà ni ó fi bẹ àwọn olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ya ìfun tí ó fẹ́ wò, àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ń jí ìwé àti tàdáwà rẹ̀ gbé lọ.

Ibi tí ìwé rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti gbogbo ẹni tí ó ṣíwájú rẹ̀ ni ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa ìwà wọn. Ó ní bí ìwọ̀ bá ti kọ́ ọ̀kan, àwọn yòókù kì í sá. Òmíràn á gbìyànjú láti dojú ọkọ̀ dé, òmíràn á fi ara tẹ okùn kí ó lè já, òmíràn á fi ìrù gbá ìwọ̀ náà. Akọ kan tẹ̀ lé abo rẹ̀ tí wọ́n ń fà lọ títí dé etí ilẹ̀. Ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n padà wá gé ẹran, ó ṣì dúró tì í. Steller kọ èyí láìfi ọ̀rọ̀ kankan ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó wà lára àwọn tí ó jẹ ẹran náà, kò sì fi pamọ́.

Àléébù ńlá kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ ni ó sì fà á. Steller ti ka Oviedo àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó rí ẹranko tí ó fọ́mọ lọ́mú, tí ó ń jẹ koríko inú omi, tí kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó ní mánátì tiwọn náà ni. Ó pè é bẹ́ẹ̀ nínú ìwé Látìnì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ pé kò ní eyín, pé ìrù rẹ̀ pín sí méjì, pé ó tóbi ju ohun tí ẹnikẹ́ni wọ̀n ní Amẹ́ríkà lọ ní ìlọ́po. Ẹni tí ó bá ka ìwé rẹ̀ lè rò pé ẹranko tí ó kún omi láti Cuba dé Kamchatka ni ó ń kà nípa rẹ̀, pé ti erékùṣù kan bá tán, ti ibòmíràn wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àyíká erékùṣù méjì péré, ti Bering àti ti Medny, ni gbogbo ìyókù wọn wà. Leonhard Stejneger, tí ó ṣèwádìí lórí erékùṣù wọ̀nyí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣírò rẹ̀ pé wọn kò lè ju 1,500 lọ nígbà tí Steller dé.

Ní oṣù Ògún ọdún 1742, àwọn tí ó yè kan ọkọ̀ tuntun láti ara èyí tí ó fọ́, wọ́n sì lọ. Ọkọ̀ náà kéré. Kò sí àyè fún egungun. Pákó ẹnu méjì yẹn nìkan ni Steller rí gbé. Awọ ẹran òkun olówó iyebíye tí wọ́n kó délé ni ó ru àwọn ọdẹ sókè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ síbẹ̀, ẹran màlúù òkun ni wọ́n sì ń jẹ níbi iṣẹ́. Ní ọdún 1755, onímọ̀ ìwakùsà kan tí ń jẹ́ Yakovlev, tí ó rí i pé wọ́n ti tán ní Medny, kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ní Kamchatka pé kí wọ́n fòfin de pípa wọn. Ìwé náà kò yí nǹkan kan padà. Steller ti kú ní Tyumen ní ọdún 1746, ọmọ ọdún 37. Ọdún 1751 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní St. Petersburg. Ọdún 1768 ni wọ́n pa èyí tí àkọsílẹ̀ wà fún kẹ́yìn, ọdún 27 sí ìgbà tí ọkọ̀ Bering fọ́.

Zimmermann ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára mánátì tí ó sì fún un ní orúkọ tirẹ̀, èyí tí ó di Hydrodamalis gigas. Ọdún 1780 ni. Kò sí onímọ̀ ẹ̀dá mìíràn tí ó rí ẹranko náà láàyè. Bí ó ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń mí, bí ó ṣe ń dúró ti èyí tí wọ́n bá kọ́ níwọ̀, ojú ìwé Steller nìkan ni wọ́n ti ń kà á.